Bí Ẹ Bá Fẹ́ Máa Kọ́ Àwọn Alátọ̀gbẹ: Ọ̀nà Tí Èmi Gbà n'Íbàdàn

Lọ́dún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bàbá kan láti Òjé máa ń wá sí kílíníkì wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣúgà wọn kì í wálẹ̀. Dókítà fi kún insulin wọn, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ 340, 360 mg/dL ni ẹ̀rọ ń kà. Èmi náà á jókòó tì wọ́n, màá tún ìwàásù mi kà: ẹ má jẹ tibí, ẹ má jẹ tọ̀hún, ẹ má fo abẹ́rẹ́. Bàbá á máa mi orí, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, mo ti gbọ́." Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó bi wọ́n pé, "Bàbá, níbo gan-an lẹ ń tọ́jú insulin yín sí?" Wọ́n ní inú fírísà alábàágbé àwọn ni, láàárín ẹja tútù, torí èmi fúnra mi ni mo sọ pé kó wà níbi tó tutù.

Insulin tó bá ti dì bíi yìnyín kò ṣe é lò mọ́, kódà bó bá yọ́ padà. Mo gba ìgò náà wò: ó ti di wóró wóró bí ògì tó bàjẹ́. Wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ pé 2 sí 8 digirí ni a ń tọ́jú insulin tí a kò tíì ṣí sí. Ohun tí n kò kọ́ ni pé kí n béèrè bóyá ẹni tó jókòó níwájú mi ní fíríìjì.

Bàbá kò ní. Ìkòkò amọ̀ méjì la wá: a fi kékeré sínú ńlá, a da iyanrìn sáàárín wọn, wọ́n sì ń bu omi sí iyanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí omi yẹn ṣe ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ. Wọ́n á wé ìgò insulin sínú ọ̀rá kí omi má baà kàn án, wọ́n á fi aṣọ tútù bo orí ìkòkò. Lásìkò ọyẹ́, ó máa ń tutù dáadáa. Lásìkò òjò, tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti lómi nínú, kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ insulin tí a ti ṣí lè lo nǹkan bí ọjọ́ 28 láìsí fíríìjì, tí ooru ibẹ̀ kò bá ju 30 digirí lọ, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé inú páálí rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa sábà máa ń bi mí bí àwọn ṣe lè fi kíkọ́ àwọn alátọ̀gbẹ ṣiṣẹ́. Ibi ìkòkò yẹn ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn mi.

Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní iṣẹ́ ìlera kan lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ wa níbí, orúkọ nọ́ọ̀sì ni mo fi ń gba owó oṣù; iṣẹ́ olùkọ́ wà nínú rẹ̀ ni. Ẹ lè gba ọ̀nà nọ́ọ̀sì, ti oúnjẹ, ti oògùn, ti dókítà, tàbí ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti ilé dé ilé. Gbogbo ọ̀nà yìí ló wà n'Íbàdàn. Láti 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ẹ̀ka ìmọ̀ nọ́ọ̀sì tiwọn, wọ́n sì ní ẹ̀ka ìmọ̀ oúnjẹ àti ti oògùn. Ní Ẹlẹ́yẹlé, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ má fi Físíìsì àti Kẹ́mísírì ṣeré. Bàọ́lọ́jì nìkan kò lè gbé yín wọlé.

Bí ẹ bá ní kí n sọ tinú mi, àwọn tó ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera yẹn la kò kà sí tó. Àwọn ló ń wọ ilé. Nọ́ọ̀sì tó jókòó sí kílíníkì kò lè rí fírísà alábàágbé. Ẹni tó wọ ilé á rí i kó tó jókòó. Bákan náà ni ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra tó sì ti mọ bó ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀: kò lè yí oògùn ẹnikẹ́ni padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún lánàá pé ó ní i, èmi ò lè sọ ọ́ bíi tiẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ yín, ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n máa fi lẹ́tà pè yín. Ẹ lọ bá métírọ̀n, ẹ ní kí wọ́n fi yín síbi tí wọ́n ti ń rí àwọn alátọ̀gbẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún un. Kí aago méje ààrọ̀ tó lù, àwọn aláìsàn ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn kò tíì jẹun, wọ́n ń dúró kí a yẹ ṣúgà wọn wò. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kẹ́ ẹ sì mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Ẹni tí ebi ń pa kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́fà.

Kí ẹ tó kọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ṣe é sára yín ná. Ẹ gún ìka yín fún ọ̀sẹ̀ kan, ní ẹ̀gbẹ́ ìka, kì í ṣe àárín gbùngbùn rẹ̀ níbi tó ti ń dunni jù. Ẹ fi omi iyọ̀ ilé ìwòsàn gún ara yín níkùn lábẹ́ ojú ọ̀gá yín, kí ẹ mọ bó ṣe rí nígbà tí ẹ bá ń sọ fún ìyá àgbà pé "kò dùn yín." Lẹ́yìn náà, ẹ bó máńgòrò kan, ẹ jẹ ẹ́, ẹ má fọ ọwọ́, kí ẹ wá yẹ ṣúgà yín wò. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí á bà yín lẹ́rù. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ tún un yẹ̀ wò. Mo ti ṣe èyí níwájú àwọn aláìsàn ju ìgbà tí mo lè kà lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ ẹnu tó lágbára tó o.

Ẹ kọ́ èdè tí wọ́n fi ń sọ àìsàn yìí. Orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ ẹ̀kọ́: a tọ̀, a gbẹ. Tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí 180, kíndìnrín kò lè dá gbogbo rẹ̀ dúró mọ́. Ó ń bá ìtọ̀ jáde, ó sì ń fa omi ara tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí òùngbẹ fi ń gbẹ wọ́n, tí èèrà sì fi ń bo ibi tí wọ́n tọ̀ sí. Tí mo bá ṣàlàyé báyìí, àwọn ìyá á ní, "Hẹn-ẹn!" Tí ẹnì kan bá sọ pé ó ń ṣe òun bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí òun kò wọ nǹkan kan, ẹ má kàn sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́." Iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora ló ń kú lọ yẹn. Ẹ ní kó bọ́ bàtà, ẹ wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ fi okùn tín-ínrín gíráàmù 10 tí a fi ń dán ẹsẹ̀ wò tọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀, kó di ojú, kó sọ ibi tẹ́ ẹ ti fọwọ́ kàn án. Ẹ béèrè ẹni tó ń gé èékánná fún un. Àwọn tó ń sán àlùmọ́gàjí kiri àdúgbò kò lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí àwọn dì mú yìí kò mọ ìrora mọ́.

Oúnjẹ ni ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. A máa ń ka oúnjẹ fún àwọn èèyàn bí ẹni ń ka èèwọ̀ orílé: àmàlà, èèwọ̀, ìrẹsì, èèwọ̀, ẹ̀bà, èèwọ̀. Wọ́n á délé, wọn ò ní rí nǹkan jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, lọ́jọ́ kẹrin wọ́n á jẹ gbogbo rẹ̀. Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági sọ fún mi tayọ̀tayọ̀ pé àwọn ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú nìkan làwọn ń jẹ, torí wọ́n ní kò ní ṣúgà. Ẹ̀rọ ka 290. Mo ní, "Màmá, ẹ fi ọwọ́ yín wọn bó ṣe ń tó hàn mí." Wọ́n ya ọwọ́ méjèèjì síra bí ẹni gbé bàsíà. Èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ń di ṣúgà nínú ara. A jọ fi ìkúùkù ọwọ́ tiwọn ṣe òṣùwọ̀n: òkèlè kò gbọ́dọ̀ ju ìkúùkù kan lọ, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí ẹja tàbí ẹran tàbí ẹ̀wà gba ìdá mẹ́rin. Wọ́n lè máa jẹ àmàlà wọn lọ. Ohun tó dùn mọ́ wọn jù nìyẹn, ó sì dùn mọ́ èmi náà.

Ẹ béèrè ẹni tó ń dáná. Bàbá tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń bu oúnjẹ fún kò lè yí nǹkan kan padà. Ìyàwó ọmọ ni kẹ́ ẹ pè wá sí kílíníkì. Ẹ lọ sí ọjà Bódìjà, ẹ mọ iye tí ẹ̀wà jẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, kí ẹ má baà máa sọ ohun tí owó kò ká. Ẹ béèrè àgbo pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, láìfi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín: "Kí lẹ tún ń lò mọ́ oògùn yìí?" Ẹni tó ń lo glibenclamide, oògùn oníhóró tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, tó tún ń mu oríṣi omi ewé kan lè dákú lóru, tẹ́ ẹ bá sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní sọ fún yín mọ́.

Ohun tí gbogbo ilé gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ohun tí wọ́n máa ṣe tí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ ju 70 lọ. Àmì rẹ̀ ni òógùn, ìwárìrì, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara. Kí ẹni náà jẹ gíráàmù ṣúgà 15, bíi kóró ṣúgà mẹ́rin tàbí ìdajì ife mínírà tó ní ṣúgà, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ti dákú, kí wọ́n má ṣe rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu. Kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ààwẹ̀ náà ńkọ́? Ìlú Ìbàdàn ń gba Ramadan, ó ń gba ààwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí oṣù lé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti fi wọ́n han dókítà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tí ẹ̀rọ bá kà sí ìsàlẹ̀ 70 tàbí tó kọjá 300, kí wọ́n jáwọ́ nínú ààwẹ̀ ọjọ́ náà. Mo máa ń lọ bá ìmáàmù àti pásítọ̀ fúnra mi, torí ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu wọn jáde lọ́jọ́ Jímọ̀ tàbí ọjọ́ Ìsinmi máa ń jìnnà ju tèmi lọ.

Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo ọmọ Yorùbá tó lẹ́kọ̀ọ́ ló máa dáhùn pé ó yé òun, torí kò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì rò pé òun ń bá a jiyàn. Ohun tí èmi ń béèrè ni, "Màmá, tẹ́ ẹ bá délé tí wọ́n bi yín pé kí ni nọ́ọ̀sì sọ, kí lẹ máa wí?" Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fa insulin lójú mi. Ojú tí kò ríran dáadáa kò lè ka ìlà síríǹjì, ìgbà tí wọ́n bá fà á nìkan lẹ máa mọ̀.

Ní ti ìwé ẹ̀rí: International Diabetes Federation, àjọ àgbáyé lórí àtọ̀gbẹ, ní ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, mo sì gbà yín níyànjú láti ṣe é. Àwọn tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí níbẹ̀ láti 2020 ni Certified Diabetes Care and Education Specialist. Ẹ máa kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ yín ní ọ̀hún, ẹ ó ní iye wákàtí tí ẹ ti fi kọ́ aláìsàn, kí ẹ tó jókòó ìdánwò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá orúkọ "diabetes specialist nurse." Ẹ ra ìwé kan lónìí, kẹ́ ẹ máa kọ ọjọ́, wákàtí àti ohun tí ẹ kọ́ni sínú rẹ̀, láìkọ orúkọ aláìsàn. Mo kábàámọ̀ pé n kò ṣe tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ yín, àpò kékeré kan ti tó: ẹ̀rọ ìwọnṣúgà, ọṣẹ, ìgò insulin tó ti ṣófo, síríǹjì insulin (U-100) tí kò tíì jáde nínú ọ̀rá rẹ̀, èlùbọ́ díẹ̀, kóró ṣúgà mẹ́rin, okùn ìdánẹsẹ̀wò, àti ìwé tí ẹ ti kọ ìbéèrè mẹ́ta sí. Níbo lẹ ń tọ́jú oògùn yín sí? Ta ló ń dáná fún yín? Ta ló ń ka síríǹjì fún yín? Ẹ béèrè wọn lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó bá jókòó, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ sì dúró de ìdáhùn kó parí.