Bí mo ṣe rí nkan tó ń pa 504 bàbá mi lójú títì

Pijó 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mọ́tò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, irú èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láyé ìjọ́sí, tó ń lo kábúrétọ̀ (tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn) àti kọ́ńtáàtì (ẹnu irin kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí pulọ́ọ̀gì lè rí iná). Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí ló dé tí mi ò tà á fún onírin kí n lọ ra Corolla bíi tàwọn ẹgbẹ́ mi, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, ìyàwó mi ti sọ ọ́ tó. Mo fi ń kó máńgòrò àti káṣú láti oko wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ń gbé e dáadáa kó tó di pé wàhálà dé.

Tí mo bá sítáàtì ẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló máa gbà. Màá wà á láti Táàkìe títí màá fi já sí ọ̀nà Ọ̀yọ́, kò ní ṣe nkankan, àfi tó bá ti tó bíi 20 mínììtì tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, á kàn kú fin-ín bí ẹni pa iná. Màá wá jókòó sábẹ́ igi fún ààbọ̀ wákàtí, tó bá ti tutù á tún sítáàtì bí ẹni pé òun kọ́ ló dá mi dúró sóòrùn. Ọjọ́ tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ nítòsí Odò Ọbà tòun ti ẹrù máńgòrò, tí tírélà ń fẹ́ atẹ́gùn lù mí bó ṣe ń kọjá, ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi ní "Bọ̀dá, epo ni, epo kì í dé ibẹ̀ tó bá ti gbóná." Kò parọ́ pátápátá o, torí epo máa ń hó nínú páìpù lóòótọ́ tí ibẹ̀ bá gbóná jù, ìdí nìyẹn táwọn awakọ̀ àtijọ́ fi ń fi àkísà tútù wé fúẹ̀lì pọ́ǹpù. A fọ kábúrétọ̀, a fọ táǹkì, mo ra fúẹ̀lì pọ́ǹpù tuntun. Mo wà á débi tó máa ń kú sí, ó kú.

Ni mo bá sọ fún ara mi pé ojú títì gan-an ni màá ti yẹ̀ ẹ́ wò, torí mọ́tò tó bá ti tutù kì í jẹ́wọ́. Bó ṣe kú lọ́jọ́ kejì, mo ṣí ojú kábúrétọ̀, mo fi ọwọ́ fa tọ́rótù (ibi tí wáyà akisílétọ̀ máa ń fà), mo rí epo tó tú jáde síbẹ̀ ṣùúrù, ó túmọ̀ sí pé epo wà. Mo dé e padà dáadáa kó tó kan ọ̀rọ̀ iná, ẹ má fojú di èyí, epo àti iná ò jọ ṣeré. Mo wá yọ wáyà àárín tó ti ọ̀dọ̀ kọ́ìlì (tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá) wọ disitiríbútọ̀ (tó ń pín iná náà fún pulọ́ọ̀gì), mo fi igi gbígbẹ dì í mú kí ẹnu ẹ̀ súnmọ́ irin ẹ́ńjìnnì bí ìwọ̀n 5 mm, mo ní kí ọmọ mi yí kọ́kọ́rọ́. (Ọwọ́ lásán kọ́ o, ó ti gbá mi rí, mi ò tíì gbàgbé.) Iná tó yẹ kó jẹ́ búlúù kó máa ta páápáá, pupa rẹ́súrẹ́sú ni, nígbà tó yá ò wá mọ́ rárá. Fúẹ̀lì pọ́ǹpù ọjọ́sí, mo ra yẹn lásán nìyẹn.

Ibi tí mo ti wá ṣe àṣìṣe nìyí. Mo ra kọ́ìlì tuntun, kọ́ńtáàtì tuntun, kọndẹ́ńsà tuntun, mo yí gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mo tiẹ̀ fi féèlà (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) wọn ẹnu kọ́ńtáàtì sí 0.4 mm, kì í ṣe páálí ìṣáná táwọn kan ń kì bọ̀ ọ́. Ọjọ́ kejì, mọ́tò kú, bó ṣe ń kú tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo ní á jẹ́ pé kọ́ìlì kọ́ nìyẹn, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í lé epo kiri.

Ọmọ kan tó ń ṣe rẹ́wáyà ládùúgbò wa ló là mí lójú. Ó yọ kọ́ńtáàtì tí ò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ojú ẹ̀ ti dúdú, ó ti jẹ kòtò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo kọndẹ́ńsà yẹn." Mo ní tuntun ni. Ó ní "Tuntun yẹn náà ni mo ní kẹ́ ẹ wò."

Iṣẹ́ kọndẹ́ńsà ò ju pé kó gba iná tó fẹ́ fò lẹ́nu kọ́ńtáàtì nígbà tó bá ṣí, kí iná inú kọ́ìlì lè já lójijì, jíjá lójijì yẹn ló ń mú iná ńlá wá fún pulọ́ọ̀gì. Tó bá ti ń jò, iná á máa gba inú ẹ̀ lọ sára irin, bí ẹni pé kọ́ńtáàtì ò tiẹ̀ ṣí rárá. Rẹ́wáyà fi mítà wọ̀n ọ́n ní tútù, kò sí nkan tó ṣe é. Ó wá gbé e lé orí ẹ́ńjìnnì mọ́tò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlọrin dé, kò pẹ́, mítà tó yẹ kó sọ pé ọ̀nà dí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀nà là. Mo ra òmíràn látinú páálí kan náà, ohun kan náà ló ṣe.

Bàbá mi kì í da nkan nù, èmi náà jogún ẹ̀, kọndẹ́ńsà àtijọ́ ṣì wà nínú agolo mílíìkì nínú búùtù. A yan án lórí ẹ́ńjìnnì, mítà ò mira. Mo dè é padà, mo lọ Ọ̀yọ́ mo bọ̀, mọ́tò ò kú.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, mo fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi tẹ́lẹ̀. Mo dá kọ́ìlì àtijọ́ padà, òun nìkan, mi ò fọwọ́ kan nkan mìíràn. Mi ò tíì jìnnà sílé tó fi kú. Kọ́ìlì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lóòótọ́, mo sì ti tún un ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kọndẹ́ńsà tuntun ni ò jẹ́ kí n mọ̀.

Mo kó kọndẹ́ńsà méjèèjì padà lọ fún ẹni tó tà á, ó nawọ́ sí ara ògiri, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nkan iná, tá a bá ti tà á, kò sí ìdápadà. Mo lọ wá tòkúnbọ̀ kan fún sípéà, kí n tó sanwó mo ní kí ọ̀gá náà jẹ́ kí n gbé e lé orí ẹ́ńjìnnì mi díẹ̀, ó wò mí títí, ó ní ṣé mo fẹ́ sè é ni.