Bí a Ṣe Ń Jókòó Ti Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Gbọgbẹ́

Ní Kábà, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ là ń kí ní "Okun o", ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ náà là ń kí bẹ́ẹ̀. Ìkíni náà tọ́, nítorí okun gan-an ni ẹni tí ìbànújẹ́ dé bá ń wá. Ẹ̀yìn ìkíni yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìṣe: a kò tíì jókòó dáadáa tí a ti ń sọ pé "Fi fún Ọlọ́run", "Má sunkún mọ́", "Tìrẹ ṣì sàn".

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ọkọ àbúrò mi obìnrin kú, mo fi nǹkan bíi wákàtí kan gbà á níyànjú, kò sì sọ ju "Ẹ ṣé" lọ títí mo fi dìde. Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà kan ládùúgbò wọlé, wọ́n fa àpótí, wọ́n bu ẹ̀gúsí nínú igbá tó wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bó o. "Okun o, ọmọ mi" nìkan ni wọ́n sọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àbúrò mi tó sọ pé ọkọ òun béèrè omi lálẹ́ ọjọ́ tó kú, òun sì ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìyá àgbà ní, "Omi yẹn ni kò jẹ́ kí o sùn, àbí?" Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ náà ló sì tó jẹun.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ wá ibi tí ojú kò pọ̀ sí, kí ẹ má sì lọ nígbà tí ẹ̀ ń kánjú. Iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀ wúlò, nítorí ọ̀rọ̀ tó ń tini lójú máa ń rọrùn láti sọ nígbà tí ojú bá wà lára iṣẹ́. "Báwo ni òru ṣe rí?" sàn ju "Ṣé ara ti yá?" lọ, torí pé èyí kejì ti gbé ìdáhùn tirẹ̀ wá. Lẹ́yìn ìbéèrè, ẹ dákẹ́, kódà bí ìdákẹ́jẹ́ náà bá ni yín lára. Nígbà tó bá sọ̀rọ̀, ẹ dá kókó ohun tó sọ padà fún un ní ṣókí, bí ìyá àgbà ti ṣe; bí ẹ kò bá gbọ́ ọ yé, òun fúnra rẹ̀ yóò tún un ṣe. Ẹni tí àwọn ajínigbé ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀, ẹ má bi í ní iye owó tàbí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ dé ibi tó bá fẹ́.

Láti ọdún 2006 ni Dókítà Dixon Chibanda ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà ní Zimbabwe láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ ẹdùn ọkàn aládùúgbò. Ìwádìí tó jáde ní 2016, tí èèyàn 573 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà yá ju ti àwọn yòókù lọ. Kufungisisa ni èdè Shona tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ń pe irú ẹdùn ọkàn bẹ́ẹ̀. Àwa ń pè é ní àròkàn. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn kì í pàṣẹ: wọ́n á béèrè èwo nínú ẹrù náà ni ẹni náà fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀, òun ni yóò sì wá ọ̀nà rẹ̀.

Ohun tí ẹ bá gbọ́, ẹ má gbé e dé ọjà, ẹ má sì sọ ọ́ di kókó àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò rí oorun sùn tí kò sì rí oúnjẹ jẹ, tàbí tó bá ní ayé sú òun, ẹ bi í gbangba bóyá ó ń rò láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kò ní fi èrò yẹn sí i lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ẹ tó dìde, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa padà wá. Ìyá àgbà mú ọjọ́ Sátidé, wọ́n ní ẹ̀gúsí ṣì kù nínú igbá. Oòrùn kò tíì mú tí wọ́n fi dé.