Ẹ Kó Starter Jọ Kí Ìdíje Tó Dé

Ẹ̀yin kóòṣì baseball, bí ẹ bá ń wá starter, ìyẹn pitcher (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó fẹ́ gbá a) tó máa bẹ̀rẹ̀ géèmù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ yára jù lọ nínú ẹgbẹ́ yín. Ẹ mú bírò. Bí ìdíje òpin ọ̀sẹ̀ bá wà fún àwọn ọmọ ọdún 11 àti 12 níbí ní Houston, ẹgbẹ́ kan lè ṣe géèmù 4: 2 ní Sátidé, 2 ní Sọ́ńdè. Inning 6 ni géèmù kọ̀ọ̀kan, inning sì ni ìpín tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó mọwọ́ ẹ̀ dáadáa á lo bíi bọ́ọ̀lù 15 nínú inning kan. Èyí tí kò rí strike jù (bọ́ọ̀lù tó gba ojú ibi tó yẹ) lè lo 25. Ká ṣáà fi 17 ṣe é. Inning 24 lọ́nà 17, ó ti lé ní bọ́ọ̀lù 400. Ta ló fẹ́ jù wọ́n?

Kóòṣì kọ́ ló máa dáhùn ìyẹn. Ìlànà Pitch Smart, tí MLB (líìgì baseball àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Amẹ́ríkà) àti USA Baseball (àjọ tó ń darí eré náà níbẹ̀) jọ gbé kalẹ̀, ti dáhùn ẹ̀. Ọmọ ọdún 11 sí 12 kò gbọdọ̀ kọjá bọ́ọ̀lù 85 lójúmọ́. Bó bá dé 66 sókè, kó sinmi ọjọ́ 4. Bó bá jẹ́ 51 sí 65, ọjọ́ 3. 36 sí 50, ọjọ́ 2. 21 sí 35, ọjọ́ 1. Ẹni tí kò kọjá 20 nìkan ló lè padà gun òkìtì, ibi tí pitcher ń dúró sí jù, lọ́jọ́ kejì. Ẹ wá wo Sọ́ńdè yín: ọmọ tó jù 21 péré ní Sátidé ti di òǹwòran. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá 50, tí èmi ò sì fẹ́, ọmọ 8 tàbí 9 lẹ nílò. Ẹgbẹ́ tó ní ọmọ 12, tó wá ń pe 2 nínú wọn ní pitcher, àdúrà ló ní, kò ní pitcher.

Àwọn àgbà náà kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tí Astros, ẹgbẹ́ Houston nínú MLB, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sáà 2024, èjìká Justin Verlander, pitcher wọn, kò jẹ́ kó bá wọn bẹ̀rẹ̀. Ronel Blanco ló bọ́ sí àlàfo yẹn, ọmọ Dominican Republic, ẹni ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n fi 5,000 dọ́là péré gbà sẹ́gbẹ́, tó ti fọ mọ́tò jẹun rí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ó dojú kọ Toronto Blue Jays, inning 9 pé, kò sẹ́ni tó rí hit kan ṣoṣo gbá lára ẹ̀, ìyẹn gbígbá tó ń jẹ́ kí ẹni tó gbá a sáré dé ibùdó. Astros borí, 10 sí 0. Kí oṣù Kẹfà tó parí, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìgúnpá fún Cristian Javier àti José Urquidy, àwọn pitcher Astros mìíràn. Nígbà tó di 2025, ó kan Blanco fúnra ẹ̀: ẹni tí wọ́n pè wá dí àlàfo náà di àlàfo. Ẹ fọkàn sí i pé àgbàlagbà lèyí ń ṣẹlẹ̀ sí o, àwọn tó ní dókítà tiwọn.

Nítorí náà, nígbà tí sáà bá parí, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí ọmọ má ju nǹkan kan. Ìlànà ní kó fi ọwọ́ sílẹ̀ fún oṣù 4 lọ́dún, ó kéré tán, kí oṣù 2 sí 3 nínú ẹ̀ sì tẹ̀ léra. Níbi tí òtútù ti ń mú, yìnyín á bá yín lé ọmọ wọlé. Texas kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá oòrùn ń ràn, pápá ṣí sílẹ̀, ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín kó fi kọ́ ọmọ yín ní curveball, bọ́ọ̀lù tó ń tẹ̀ lójú ọ̀nà. Tèmi ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá títí ọdún tuntun, kò sí jíjù. Kó gbá basketball, kó lúwẹ̀ẹ́, kó sáré.

Ẹ tún bi àwọn òbí bóyá ọmọ náà wà lẹ́gbẹ́ mìíràn, torí inning 80 ni gbogbo ohun tó yẹ kó jù láàárín oṣù 12, àpapọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ ni o. A ò fẹ́ràn kí wọ́n máa wádìí ọ̀rọ̀ ilé wa, ẹ ṣáà bi wọ́n. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, ní, “Kóòṣì, ọmọ ọ̀hún ò kúkú sọ pé ọwọ́ ń dun òun.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 11 tó fẹ́ gun òkìtì ò ní sọ ọ́ láéláé.”

Oṣù Kìíní la ń wá ọwọ́ tuntun. Gbogbo ọmọ ni kẹ́ ẹ dán wò, kì í ṣe àwọn tó ń nawọ́ nìkan. Ẹ ri òpó 2 mọ́lẹ̀, ẹ ta okùn kan ní ìwọ̀n orúnkún, ẹ ta ọ̀kan ní ìwọ̀n àyà, kẹ́ ẹ wá fi 2 mìíràn dábùú wọn lóòró, kó di ojú fèrèsé tó fẹ̀ tó home plate, pátákó ilẹ̀ tí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ju bọ́ọ̀lù 10 láti ẹsẹ̀ bàtà 40, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìyára sílé.

Bọ́ọ̀lù tó bá ṣì ni kẹ́ ẹ wò jù. Ibo ló ṣì sí? Ọmọ tí tiẹ̀ ń ga tàbí tó ń rẹlẹ̀ lójú ìlà kan náà, àsìkò tó ń jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù ni kò tíì dúró, ó máa tètè já a. Ọmọ tí tiẹ̀ ń ya sọ́tùn-ún, tó ń ya sósì, ẹ gbójú kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ tó gbé síwájú. Ó sábà máa ń tẹ ẹ̀gbẹ́ kan, ara á wá yà kúrò lójú ibi tó ń jù sí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti ibi tó dúró lọ sí home plate, ẹ ní kó tẹ ìlà yẹn. Ibi tí mo ti rí starter ọjọ́ Sọ́ńdè wa nìyẹn: ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ tó ń ṣọ́ second base (ibùdó kejì), bọ́ọ̀lù ẹ̀ ò yára rárá, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé yẹn ló ń gbà ṣáá.

Ẹ yọ catcher yín, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí pitcher bá jù, kúrò nínú òǹkà. Òun náà ń jù bọ́ọ̀lù padà látàárọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé wọn sókè díẹ̀díẹ̀: bọ́ọ̀lù 20 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi 5 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí wọ́n á fi dé 50. Fastball (bọ́ọ̀lù tó yára) àti changeup (èyí tó jọ ọ́ àmọ́ tó ń lọ́ra) tó. Ọmọ tó ti Little League (líìgì baseball àwọn ọmọdé) wá, níbi tí wọ́n ti ń jù láti ẹsẹ̀ bàtà 46, tó wá bọ́ sí ìdíje tí wọ́n ń lo 50, ẹ fún un láyè, bọ́ọ̀lù ẹ̀ á kọ́kọ́ máa balẹ̀ níwájú catcher.

Bí oṣù Kejì bá ń parí lọ, ẹ kọ orúkọ sílẹ̀: ta ló bẹ̀rẹ̀ Sátidé, ta ló tẹ̀ lé e, àwọn wo lẹ ò ní fọwọ́ kàn títí di Sọ́ńdè. Ọ̀pọ̀ kóòṣì máa ń ná ọmọ tó dára jù ní géèmù àkọ́kọ́. Èmi máa ń pa á mọ́ de Sọ́ńdè, torí ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ máa ń tán nílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ yòókù. Ẹ fi ìwé náà sórí WhatsApp àwọn òbí, pẹ̀lú iye bọ́ọ̀lù tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá. Bó bá wá di pé bàbá kan dìde nílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọmọ ẹ̀ ní 50, ẹ ní kó lọ wo fóònù ẹ̀.