Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọpo tàbí pọ́wà pláńtì, ọ̀nà ẹ̀ rèé

Ẹ̀yin àbúrò mi, ojoojúmọ́ lẹ ń bi mí pé kí lẹ máa kà lẹ́yìn wáẹ̀kì tí wọ́n fi máa gbà yín níbi iṣẹ́ epo tàbí iṣẹ́ iná, ẹ jẹ́ n kúkú da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lójú kan. Iṣẹ́ instrument ni mò ń ṣe, ìyẹn ìtọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn nǹkan nínú pláńtì, ọ̀nà poli ni mo gbà débẹ̀, ohun tójú mi rí ni màá sọ.

Wáẹ̀kì yín ná. Ẹ gbájú mọ́ English, maths, physics àti chemistry, torí wọ́n á bi yín léèrè wọn kí wọ́n tó gbà yín fún ND engineering, ìyẹn ọdún méjì àkọ́kọ́ ní poli. Ẹni tó bá gba technical college wá, NABTEB ẹ̀, ìyẹn ìdánwò àṣejáde wọn, kì í ṣe ohun ìtìjú o, irú wọn ti mọ ṣíṣẹ́lì àti faìlì kí wọ́n tó wọ poli.

Tó bá wá kan skúùlù, gbogbo èèyàn ló mọ PTI (Petroleum Training Institute) ní Effurun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri, tórí iṣẹ́ epo gan-an ni ìjọba ṣe dá a sílẹ̀ lọ́dún 1973, wọ́n ń kọ́ wẹ́dà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ gas processing, wọ́n ń kọ́ safety. Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Yabatech ti wà láti 1947, Poly Ìbàdàn wà, Ìlaró náà wà, electrical àti mechanical wọn lè gbé yín dé ibi kan náà. Èyí tó ká mi lára jù ni wọ́kṣọ́ọ̀bù. Kẹ́ ẹ tó fi skúùlù kankan ṣe first choice, ẹ wọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe practical, ẹ wò ó bóyá lathe wọn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, ń yí àbí eruku ló bò ó, ẹ bi àwọn ND2 pé ta ló ti fọwọ́ ara ẹ̀ tú mọ́tò rí. Níbi tí èmi ti kàwé, ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo máa ń dúró sí tí lecturer bá ń fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo hàn wá, mo jáde ND láìfọwọ́ kan nǹkan gidi kan, ó sì dùn mí dọ́ba. Ẹ tún wádìí pé NBTE, àjọ ìjọba tó ń rí sí àwọn poli, fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì yẹn gan-an, orúkọ skúùlù nìkan ò tó.

SIWES, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́, ló gbà mí. Oṣù mẹ́rin ni fún ọmọ ND, lẹ́yìn ND ẹ tún máa ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́) ọdún kan kẹ́ ẹ tó wọ HND, ìpele tó tẹ̀ lé ND. Ọ̀pọ̀ ló ń fi àkókò yẹn jókòó sí ọ́fíìsì bùrọ̀dá wọn, wọ́n ń ṣe fọ́tókọ́pì, wọ́n á sì ní kí wọ́n bá àwọn sáìn logbook. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì tò sí géètì oníepo nìkan, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, ti fùláwà, ti ẹlẹ́rìndòdò, gbogbo wọn ló ní kọ̀m̀prẹ́sọ̀ àti PLC (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ), ọ̀pọ̀ ló ní bọ́ílà. Pọ́wà pláńtì Egbin níbí ní Ìkòròdú tó jẹ́ 1,320 megawatt, gáàsì ni wọ́n fi ń se omi nínú bọ́ílà, ooru omi ọ̀hún ló ń yí turbine mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, torí náà ẹni tó bá mọ bọ́ílà ní ilé iṣẹ́ fùláwà kò fi àkókò ṣòfò.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi IT mi, ọ̀gá mi fún mi ní multimeter, mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, ó mú mi lọ síbi transmitter kan tó ń ka pressure lára páìpù. Ó ní iná kékeré, milliamp 4 dé 20, ló ń fi ránṣẹ́ sí control room, tí pressure bá jẹ́ òdo ẹ máa rí 4, tó bá kún ẹ máa rí 20. Ó wá bi mí pé kí ló dé tí wọn ò bẹ̀rẹ̀ látòdo. Mo dákẹ́. Ó tú wáyà kan, mítà lọ sí òdo wáí, ó ní, "Ṣó o rí i? Tó bá jẹ́ òdo ni pressure òdo, báwo lo ṣe máa mọ̀ pé wáyà ló já?" Láti ọjọ́ náà mi ò gbàgbé mọ́. Páìpù tí pressure ẹ̀ jẹ́ 0 sí 10 bar, tẹ́ ẹ bá rí 12, bar 5 nìyẹn, torí agbedeméjì 4 àti 20 ni 12 wà. Nígbà tí mo lọ ṣe interview iṣẹ́ tí mo wà yìí, ìbéèrè yìí ni wọ́n fi ṣáájú.

Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe lójúmọ́ ni kẹ́ ẹ kọ sí logbook, ẹ kọ nọ́ńbà tẹ́ ẹ kà, ẹ ya àwòrán ẹ̀. Ẹ má ṣí fáàfù tí wọn ò ní kẹ́ ẹ ṣí, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí wọ́n bá ti fi àgádágodo àti tag sí lára, ẹlòmíì lè wà nínú ẹ̀.

Ẹ má tíì kówó lé sátífíkéètì rẹpẹtẹ o. BOSIET, sátífíkéètì safety ti àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ epo lórí omi ni, ọdún mẹ́rin péré ló ń lò, tíṣẹ́ offshore ò bá tíì sí lọ́wọ́ yín, ẹ fowó yẹn ra multimeter àti bàtà safety. Tẹ́ ẹ bá parí, COREN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ engineering, ń forúkọ technician àti technologist sílẹ̀, kì í ṣe engineer nìkan.

Ẹni tí lẹ́tà SIWES ẹ̀ ti jáde, ẹ ṣe kọ́pì ẹ̀ mẹ́wàá, ẹ kí sẹkúríìtì géètì dáadáa, ẹ béèrè orúkọ ọ̀gá maintenance kẹ́ ẹ tó fi lẹ́tà sílẹ̀, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ padà lọ.