Ibo ni kálísíọ́mù ti wá? Ohun tí a rí lára ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ní láàbù n'Íbàdàn ni kí n fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ipele kejì bí acetylcholine, kẹ́míkà tí nẹ́ẹ̀fù (okùn tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ) fi ń ránṣẹ́ sí iṣan, ṣe ń mú iṣan súnkì. Ọ̀pọ̀lọ́ ò wọ́n lásìkò òjò.

Baba tó ń bójú tó láàbù ló fi abẹ́rẹ́ ba ọpọlọ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, kó má baà mọ ìrora. Mo bó awọ ẹsẹ̀, mo yọ iṣan ẹ̀yìn ojúgun pẹ̀lú nẹ́ẹ̀fù tó gba itan wá bá a. Nẹ́ẹ̀fù yìí funfun, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má fi irin gbé e o, igi gíláàsì ni kí ẹ lò, kí ẹ sì máa kán omi Ringer (omi oníyọ̀ tó jọ omi ara, tó ní kálísíọ́mù nínú) sí i. Tó bá gbẹ, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Mo fi iná mànàmáná díẹ̀ kan nẹ́ẹ̀fù, iṣan ta kìjí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kálísíọ́mù inú omi yìí ni acetylcholine ń ṣílẹ̀kùn fún?"

Mo gbé iṣan náà sínú omi tí kò ní kálísíọ́mù, tí a fi màgnẹ́síọ́mù dípò rẹ̀. A ní sùúrù díẹ̀. Mo fi iná kan nẹ́ẹ̀fù, iṣan pa lọ́lọ́. Inú ọmọ náà ti ń dùn pé òun gbà á. Mo wá fi iná kan iṣan fúnra rẹ̀: ó tún ta kìjí!

Ẹnu nẹ́ẹ̀fù ló nílò kálísíọ́mù ìta, kó tó lè tú acetylcholine jáde. Tí acetylcholine bá dé ara iṣan, méjì á so mọ́ rìsẹ́pítọ̀ kan (purotéènì tó ń gbà á lójú iṣan), ọ̀nà á ṣí, sódíọ́mù ló sì máa ń rọ́ wọlé jù. Kálísíọ́mù tó bá a wọlé kò tó nǹkan. Iná á tàn kárí ojú iṣan, á wọ inú àwọn ihò tóóró tí wọ́n ń pè ní T-tubule. Purotéènì tó ń ṣọ́ iná níbẹ̀ á fa RyR1, ọ̀nà tí kálísíọ́mù ń gbà jáde, bí ẹni fa okùn ìlẹ̀kùn, kálísíọ́mù tí iṣan ti kó pamọ́ sínú sarcoplasmic reticulum (àpò inú iṣan) á sì tú jáde, á so mọ́ troponin, purotéènì tó ń jẹ́ kí iṣan lè súnkì. Ìgbà náà ni iṣan tó súnkì. SERCA, purotéènì tó ń fa kálísíọ́mù, ló ń fi ATP (kẹ́míkà tó ń fún ara lágbára) kó o padà sínú àpò náà.

Ọkàn ò rí bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Kálísíọ́mù ìta ló gbójú lé, ohun tí Sidney Ringer, dókítà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe omi Ringer, rí ní 1883 nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi méjèèjì wéra, kó tètè yọ ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ kan náà kó tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀.