Bí Mo Ṣe Pa Àwọn Àkáùǹtì Tí Mo Ṣí Nítorí Ìwé Kíkà Rẹ́

Èèyàn fẹ́ ka àròkọ kan péré, wọ́n ní kó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀: orúkọ, ímeèlì, páásíwọ́ọ̀dù, nígbà mìíràn ọjọ́ ìbí pàápàá. Á kà á tán, á bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Irú àkáùǹtì bẹ́ẹ̀ ni mo fara balẹ̀ wá kiri láìpẹ́ yìí, tí mo sì ń pa rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Inú ímeèlì mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ "welcome", "verify" àti "confirm" síbi ìwákiri, torí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ téèyàn bá forúkọ sílẹ̀. Mo tún yẹ ibi tí bùráúsà mi ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù sí wò. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ojú òpó Have I Been Pwned, tí Troy Hunt, onímọ̀ nípa ààbò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, dá sílẹ̀ ní 2013. Èèyàn á tẹ ímeèlì rẹ̀ síbẹ̀, á sì rí orúkọ àwọn ibi tí olè ti jí i kó. Wọn ò ní kéèyàn forúkọ sílẹ̀ kó tó wò ó, mo sì yìn wọ́n fún ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ olè yìí gan-an ló ká mi lára jù. Yahoo tóbi tó Yahoo, síbẹ̀ gbogbo àkáùǹtì tó wà lọ́wọ́ wọn ní 2013, bílíọ̀nù 3, ni ọwọ́ olè tẹ̀. 2017 ni ayé tó gbọ́ iye náà. Ká má tilẹ̀ wá sọ ti ojú òpó kékeré tí ẹnì kan ṣoṣo ń bójú tó. Olè ò sì bá ti ìwé tí à ń kà wá. Ímeèlì àti páásíwọ́ọ̀dù ló ń wá, kó lè gbé wọn lọ dán wò ní báńkì àti níbòmíràn, torí ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń lo páásíwọ́ọ̀dù kan náà káàkiri.

Nítorí náà, kí n tó pa ohunkóhun rẹ́, páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì mi ni mo kọ́kọ́ yí padà, torí ẹni tó bá gba ímeèlì lè tibẹ̀ yí ti gbogbo ìyókù padà. Ìgbà náà ni mo wá ń wọ inú àwọn àkáùǹtì yẹn. Àwọn kan ní ibi tí a ti ń pa á rẹ́ nínú "Settings". Àwọn mìíràn fi í pamọ́ débi pé ojú ò tètè tó o. Èyí tí mo fi Google wọ̀, mo pa á rẹ́ lọ́hùn-ún kí n tó já ìsopọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Google, torí jíjá ìsopọ̀ nìkan kò pa ohun tó ti wà lọ́wọ́ wọn rẹ́. Ibi tí kò ní bọ́tìnì kankan, mo kọ lẹ́tà. Àwọn tó wà ní Yúróòpù, mo tọ́ka sí abala 17 nínú GDPR, òfin Yúróòpù lórí ààbò ìsọfúnni èèyàn, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 2018. Abala yẹn ló fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pa ìsọfúnni òun rẹ́. Oṣù kan ni òfin náà fún wọn láti fèsì.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má béèrè orúkọ o. Ibi tó bá ń tọ́jú owó mi, ọjà tí mo rà, tàbí ọ̀rọ̀ àárín èmi àti ẹlòmíràn, ó yẹ kó mọ̀ pé èmi ni mo wọlé. Ṣùgbọ́n kò sídìí tí a fi gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ẹni tó kàn fẹ́ kàwé. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi iṣẹ́ tuntun ránṣẹ́ sí mi, ímeèlì nìkan ti tó. Kí ló fẹ́ fi ọjọ́ ìbí mi ṣe?

Àwọn kan kò tíì dá mi lóhùn. Mo ti tún kọ sí wọn, mo sì kọ ọjọ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ sínú ìkejì.