Ta Ni Kí N Gbé Iṣẹ́ Sólà Ilé Mi Fún? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Láti ìgbà tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè lọ́dún 2023, tí owó iná àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ní iná wọn gbọ́dọ̀ tó ogún wákàtí lójúmọ́) sì kúrò ní náírà 68 bọ́ sí 225 lórí ẹyọ kan lóṣù kẹrin ọdún 2024, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àdúgbò tí èèyàn á dé n'Ìbàdàn tí kò ní rí sólà lórí páànù. Inú mi dùn sí i. Ohun tó ń dùn mí ni ti àwọn tó kó owó tí wọ́n fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá lé e, tí iná náà ò sì tó ọdún kan tó ti ń kú lóru. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa dá ọmọ ìyá mi lóhùn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, èèyàn mẹ́ta ló ti dá iye lé sólà ilé mi. Iye tí ẹnì kan pè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti àwọn tó kù. Ta ni kí n gbé e fún?

Ìdáhùn: Ẹ gbé ọ̀rọ̀ owó tì ná. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló wọlé, tó béèrè gbogbo ohun tí ẹ̀ ń lò, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹni tó bá dúró ní géètì tó ní "ilé oníyàrá mẹ́ta, inverter 3.5kVA á gbé e" kò tíì mọ nǹkan kan nípa ilé yín. (Inverter ni ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú tí ilé ń lò; kVA ni wọ́n fi ń wọn agbára tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà.)

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Fìríìjì tó ń fa 150 wáàtì, tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lápapọ̀ lójúmọ́ (ó máa ń sinmi láàárín), ti jẹ 1,500 wáàtì-wákàtí, ìyẹn wáàtì lọ́nà iye wákàtí. Fáànù mẹ́ta oní-70 wáàtì fún wákàtí mẹ́jọ, 1,680. Tẹlifíṣàn 100 wáàtì fún wákàtí mẹ́fà, 600. Gílóòbù mẹ́jọ oní-10 wáàtì fún wákàtí mẹ́fà, 480. Gbogbo rẹ̀ di 4,260, ìyẹn ẹyọ iná mẹ́rin àti díẹ̀ (1,000 ló ń jẹ́ ẹyọ kan, tàbí 1kWh). Nítorí fáànù, gílóòbù, tẹlifíṣàn àti fìríìjì tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, èyí tó lé ní 3,000 nínú rẹ̀ ló jẹ́ pé alẹ́ lẹ máa lò ó.

Bátìrì olómi tàbí ti gel, oní-12 fóòtì (volt), 200Ah, ń gba 2,400, ìyẹn 12 lọ́nà 200. Ìdajì rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ máa lò tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ẹ wá rí i pé bátìrì méjì kò lè gbé ilé yìí mọ́jú. Mẹ́rin á gbé e. Bátìrì lithium kan tó jẹ́ 5kWh, ìyẹn 5,000, náà á gbé e, torí pé ẹ lè lo nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ láì pa á lára. Ní ti pánẹ́ẹ̀lì, ká ní oòrùn gidi ràn fún wákàtí mẹ́rin, ká sì yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ooru, eruku àti waya, pánẹ́ẹ̀lì 550 wáàtì kan á mú nǹkan bí 1,650 wá lójúmọ́. Mẹ́ta á ká a lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá di oṣù keje àti ìkẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú, mẹ́rin ló máa fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Ẹ wá gbé ìṣirò yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún yín. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i pé bátìrì méjì àti pánẹ́ẹ̀lì méjì ni ẹni tí owó rẹ̀ kéré kọ, tó sì kọ "àwọn nǹkan kéékèèké" síbi tó yẹ kí bréékà, waya àti ẹ̀rọ tó ń gbà wá lọ́wọ́ mànàmáná wà. Ẹ ní kó tú u palẹ̀: irú bátìrì wo, ilé iṣẹ́ wo ló ṣe é, waya mílímítà mélòó. Tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, kó máa lọ. Nínú àwọn méjì tó kù, ẹni tó bá là á mọ́lẹ̀ pé áyọ̀ọ̀nù àti pọ̀ǹpù omi kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ lóru ni èmi á mú.

Ìbéèrè: Ọdún tó kọjá la ṣe tiwa. Ní báyìí, tó bá ti di aago mọ́kànlá alẹ́, iná á kú. Ẹni tó ṣe é ní bátìrì ti bàjẹ́, pé ká ra tuntun. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ òótọ́. Kí ló fi wọ̀n ọ́n? Tó bá jẹ́ pé ó kàn fọwọ́ kàn án tó sì mi orí, ẹ má tíì fọwọ́ kan owó yín.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà: fírísà tuntun, àlejò tó ń lọ aṣọ lóròòwúrọ̀. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ẹ lọ wo ojú inverter láago mẹ́ta ọ̀sán. Tí bátìrì ò bá tíì kún nígbà yẹn, orí páànù ni kẹ́ ẹ gbójú sókè sí. Ṣé igi máńgòrò ti yọ ẹ̀ka lé e? Ṣé táńkì omi ará ilé kejì ń da òjìji bò ó? Òjìji tó bo igun pánẹ́ẹ̀lì kan lè fa gbogbo àwọn tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ọn sẹ́yìn. Eruku ọyẹ́ náà ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn? Kẹ́ ẹ tún ní kó ṣí ibi tí wọ́n ti ń yan irú bátìrì nínú inverter hàn yín. Mo ti bá inverter tí wọ́n yan olómi fún, tó jẹ́ lithium ló wà ní ìdí rẹ̀.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá mọ́ ni kí ẹ tó wọn bátìrì. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára iná àti lára àwọn ohun tó ń lo iná, kó sinmi fún wákàtí bíi mélòó kan, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n níkọ̀ọ̀kan. Bátìrì olómi tàbí ti gel oní-12 fóòtì tó kún á fi nǹkan bí 12.7 hàn, tó bá ti lò dé ìdajì, bí 12.2. Tí mẹ́ta bá wà ní 12.6, tí ẹyọ kan sì dúró sí 11.5, ẹyọ yẹn ló ń fa àwọn tó kù lẹ́sẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nìyí: nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n pè mí sí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ebi ló pa bátìrì náà. Pánẹ́ẹ̀lì ò tó. Bátìrì olómi tàbí ti gel tí kì í kún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan funfun kan á máa gan mọ́ irin inú rẹ̀, kò sì ní lè gba iná dáadáa mọ́. Tẹ́ ẹ bá ra tuntun láì fi pánẹ́ẹ̀lì kún un, ikú tó pa ti àkọ́kọ́ lá pa ìyẹn náà. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ ra bátìrì, tí kò sì dárúkọ pánẹ́ẹ̀lì rárá, ọjà ló fẹ́ tà.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbé wá kì í ṣe ayédèrú?

Ìdáhùn: Ẹ mú téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ dání. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn ń gbé nǹkan bí 1,000 wáàtì wá sórí mítà kan ní òró, mítà kan ní ìbú. Pánẹ́ẹ̀lì tó wọ́pọ̀ lọ́jà báyìí ń sọ ohun tó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ di iná. Ìdí nìyẹn tí 550 wáàtì tòótọ́ fi máa ń tó mítà 2.28 ní gígùn, mítà 1.13 ní fífẹ̀, tó sì wúwo débi pé èèyàn méjì ló ń gbé e gun àkàbà. Tí wọ́n bá gbé èyí tí kò ju mítà 1.6 sí mítà 1 lọ wá, tí wọ́n wá lẹ "500W" mọ́ ọn lẹ́yìn, irọ́ ni. Kò lè ju nǹkan bí 330 lọ.

Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ ka ìwé ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ 550, fóòtì rẹ̀ (Voc) á wà nítòsí 50, amp rẹ̀ (Isc) á wà nítòsí 14. Àwọn ọlọ́jà, títí kan àwọn kan ní Alaba, á fi mítà wọn fóòtì fún yín nínú oòrùn, wọ́n á ní "ẹ wò ó, ó pé." Pánẹ́ẹ̀lì tí kò lágbára náà lè fi fóòtì tó pé hàn. Amp ló ń tú àṣírí rẹ̀, ẹ ní kí oníṣẹ́ yín wọn ìyẹn nínú oòrùn ọ̀sán; ẹ má dán an wò fúnra yín.

Tòkúnbọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, tí wọ́n bá pè é ní tòkúnbọ̀, tí owó rẹ̀ sì jọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ìwé wo ló yẹ kí oníṣẹ́ sólà ní lọ́wọ́?

Ìdáhùn: NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ààbò iná, ló ń dán oníṣẹ́ iná wò tó sì ń fún wọn níwèé ẹ̀rí. Ẹ ní kó mú tirẹ̀ wá. Ìwé yẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó mọ waya so. Bóyá ó máa ń dáhùn ìpè, ilé tó ti ṣe ló mọ ìyẹn. Ẹ ní kó mú yín lọ síbi tó ti lo ọdún méjì, tí òjò àti ọyẹ́ ti kọjá lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn tí òun ò sí níbẹ̀. Ẹ bi ìyá tó ni ilé: "Mà, nígbà tó dá wàhálà sílẹ̀, ọjọ́ mélòó ni wọ́n lò kí wọ́n tó yọjú?"

Ìbéèrè: Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe é, kí ni kí èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa iná máa wò?

Ìdáhùn: Bréékà, Mọ́mì. Iná tó ń ti orí páànù bọ̀ kò rí bíi ti NEPA. Tí wọ́n bá já a, ó máa ń yọ iná tí kì í tètè kú, àwọn bréékà tí wọ́n fi ń já iná NEPA kò sì lè pa á. Ẹ wo ara bréékà tí waya pánẹ́ẹ̀lì wọ̀: ó gbọ́dọ̀ ní "DC" lára, kí fóòtì tí wọ́n kọ sí i sì ju ti àwọn pánẹ́ẹ̀lì yín lápapọ̀ lọ. Ẹ wo waya tó so bátìrì mọ́ inverter náà. Inverter 3.5kVA tó ń lo 24 fóòtì lè fa nǹkan bí 146 amp. Waya tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ ọmọ kékeré lọ á gbóná lórí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án lálẹ́ nígbà tí ilé ń lo iná, tó sì ń jó yín lọ́wọ́, ẹ pa á kẹ́ ẹ sì pè wọ́n padà.

Ìbéèrè: London ni mo wà. Mo fẹ́ ṣe sólà fáwọn òbí mi l'Abẹ́òkúta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n fi gbogbo owó ránṣẹ́, pé òun mọ ẹnì kan.

Ìdáhùn: Ẹ kú àjò. Níbi tẹ́ ẹ wà, èèyàn lè wo orúkọ oníṣẹ́ sólà nínú ìwé MCS, ètò tó ń fún àwọn oníṣẹ́ sólà níwèé ẹ̀rí níbẹ̀. Nílé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe irú àyẹ̀wò yẹn. Ẹ san owó ọjà sí àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á, kí rìsíìtì jẹ́ orúkọ bàbá yín. Kí wọ́n ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e gòkè, torí tó bá ti dé òkè, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́. Kẹ́ ẹ sì wá oníṣẹ́ iná mìíràn, tí kò bá ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tan, kẹ́ ẹ san owó kékeré fún un kó wá yẹ iṣẹ́ náà wò.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Púpọ̀ nínú inverter òde òní ló ní WiFi, ẹ lè máa wò ó lórí fóònù láti ibẹ̀. Ímeèlì yín ni kí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ti oníṣẹ́ ni wọ́n lò, lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ìbéèrè: Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é ni òjò ti ń wọlé. Ẹni tó ṣe é kò gbé fóònù mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gòkè lọ tú u lọ́sàn-án. Tẹ́ ẹ bá tilẹ̀ pa inverter, pánẹ́ẹ̀lì kì í kú níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń kàn án, mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ sì lè ní nǹkan bí 150 fóòtì. Oníṣẹ́ iná ni kó kọ́kọ́ já a.

Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ibi kòtò páànù, níbi tí omi ń gbà, ni wọ́n kan ìdè (irin tó di pánẹ́ẹ̀lì mú) sí, dípò ibi tó yọ sókè. Tàbí kí ìdè náà má kan igi, kó jẹ́ páànù lásán ló dì mú, tí afẹ́fẹ́ á sì máa mì í títí ihò á fi fẹ̀. Kí wọ́n kàn án sórí igi níbi tó yọ, kí wọ́n fi rọ́bà sábẹ́ ìdè, kí wọ́n sì dí àwọn ihò àtijọ́.

Ní ti ẹni tó sá, ẹ kó rìsíìtì, fọ́tò àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ lórí WhatsApp jọ, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí i, kẹ́ ẹ fún un ní ọjọ́ pàtó. Tí kò bá dáhùn, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, lágbára lábẹ́ òfin ọdún 2018 láti gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà. Nípìnlẹ̀ Èkó, kóòtù ẹjọ́ kéékèèké wà fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ.

Ìbéèrè: Báwo ni ká ṣe san owó?

Ìdáhùn: Ẹ bá oníṣẹ́ yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ san owó ọjà níbẹ̀, kí wáràntì wà lọ́wọ́ yín. Owó iṣẹ́ wà lọ́tọ̀: ẹ san ìdajì nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì bá ti dúró lókè. Kó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ló máa gbé ẹrù padà sí ṣọ́ọ̀bù tó bá bàjẹ́ láàárín àkókò wáràntì, kó sì buwọ́ lù ú. Ẹ di ìyókù mú títí ilé á fi lo gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú, fún ọ̀sẹ̀ kan.